Ohùn Bàbá Mi Lọ́jọ́ Yìgì

Òórùn ewé wáàkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ń sè pọ̀, tó ń hó lórí iná èédú ló máa ń jí wa nínú ọgbà ilé wa ní Mamobi, kì í ṣe àkùkọ. Yàrá obìnrin tó ń sè é kọjú sí tiwa, èéfín rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n so yìgì mi, màmá mi ti jó tùràrí sínú yàrá, ẹnì kan ti da lọ́fíńdà sórí ìbòrí mi, gbogbo rẹ̀ wá pò pọ̀ mọ́ èéfín wáàkyé, ó di òórùn kan tí mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Títí dòní, bí mo bá gba iwájú olówáàkyé kọjá ní Accra yìí, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ fẹ́ máa gbọ̀n, kí n tó rántí pé kò sí ohun tí mò ń dúró dè mọ́.

Ìwọ tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè jókòó sójú kan. Màmá mi ní láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò ni mo ti ń wá ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe sì bá ìwà náà mu. Ilé iṣẹ́ wa ní Adabraka la ti máa ń ṣètò fóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, bí ohùn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í já, tàbí tó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó fà á, ọ̀rọ̀ iṣu ni mo fi máa ń ṣàlàyé. Mo máa ń sọ pé ẹ̀rọ á gé ohùn rẹ wẹ́wẹ́, á dì í ní ẹrù kéékèèké, á wá rán wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn kàyàyéè tó ń fi orí ru iṣu kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ ní ọjà Agbogbloshie. Bí ọ̀kan bá há sáàárín èrò, ẹni tó ń gbà á ní òdìkejì ò ní dúró dè é. Á fi í sílẹ̀, á máa kó ìyókù lọ. Ibi tí ẹrù kan ti sọnù yẹn ni ohùn ti máa ń já. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ohun kan wà tí kì í rẹ̀ ẹ́ láti sọ: kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ó ní ìròyìn oníbàárà ò lè tún fóònù ṣe. Kí n gbọ́ ohùn náà, kí n sì gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá mi náà jẹ́ ẹni Agbogbloshie. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ àti ti alùpùpù ló ń tà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lu irin àlòkù, níbi tí èèyàn ò ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí kò bá pariwo. Àwọn ọdún tó lò níbẹ̀ ló sọ ọ́ di olóhùn ńlá. Bó bá ń ṣàdúà nínú yàrá, àwọn tó ń lọ lójú títì á ṣe àmín. Àwọn Gà tó ń bá a rajà máa ń sọ pé Alata yìí, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá, ti gbé gbohùngbohùn mì. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un, ó padà sí Ìnísà, ó fi èmi àti màmá mi sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí màmá mi ní ní Adabraka. Láti ìgbà náà, inú fóònù ni bàbá mi ń gbé lójú mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ló máa ń pè. Á kọ́kọ́ pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí n gbọ́ òun láìlo fóònù, á pè mí ní ìyá rẹ̀, á béèrè ohun tí mo jẹ, á wá dákẹ́ kí n lè máa rojọ́. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ.

Mo wá lọ rí ọkùnrin kan. Ọmọ Dagomba ni, láti Tamale, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń ta iṣu ní Agbogbloshie kan náà. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí mo ki ẹsẹ̀ bọ inú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ iṣu wọn la pàdé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó fà mí jáde, mo sì bú u ní gbogbo èdè tí mo gbọ́. Mùsùlùmí ni, oníwàpẹ̀lẹ́ ni, kì í kánjú. Ohun tí èmi ò ní ló ní. Mo sọ fún màmá mi. Màmá mi sọ fún àbúrò bàbá mi tó ń gbé Nima, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìnísà, ìyẹn ló wá lọ jókòó ti bàbá mi tó sọ fún un. Bí ìdílé wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kì í ti ẹnu ọmọ bọ́ sétí bàbá tààrà, àfi kó gba ọwọ́ àgbà. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà lọ náà ni èsì gbà padà. Nígbà tó fi máa kàn mí, ohun tí mo gbọ́ ni pé bàbá mi ní òun ò fẹ́ àjèjì, pé ṣé gbogbo ìwé tí òun rán mi kà, iṣu ló parí sí.

Ó dùn mí wọra. Bàbá mi pè ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wò ó bó ṣe ń dún, mi ò gbé e. Nígbà tí mo wá ń gbé e, à ń kí ara wa bí àlejò: orúnkún ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún. Kò dárúkọ ọkùnrin náà, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Oṣù mélòó kan kọjá báyẹn. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn tún gba ẹnu àwọn àgbà dé pé bàbá ti gbà, pé ká mú ọjọ́. Gbogbo ilé ń yọ̀. Èmi béèrè pé ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní kí n má ṣe bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn: bó bá fẹ́ kí nǹkan ṣeé ṣe, á ti máa sọ pé ó ti ṣeé ṣe. Mo lè pe bàbá mi kí n bi í léèrè fúnra mi, àmọ́ orí kunkun ò jẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó lè sọ pé rárá. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ wọlé ọkọ lórí ohun tí ẹlòmíràn ní bàbá mi sọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Orúnkún rẹ̀ ò lè gba ìrìn àjò ọkọ̀ láti Ìnísà dé Accra. Ààfáà wa ní Mamobi wá là á sílẹ̀ pé bó bá jẹ́ orí fóònù ni, kò burú, bàbá ọmọ lè rán àbúrò rẹ̀ tó wà níbí kó fi ọmọ fún ọkọ. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́, kí òun náà sì dá ohùn náà mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ti jọ kírun ní Agbogbloshie fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá mi náà ránṣẹ́ pé bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, pé ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ níbi tí ojú ò bá lè dé, ohùn gbọ́dọ̀ dé. Bàbá Kékeré ló ṣètò ìpè náà. Ó fi lìǹkì rẹ̀ sórí gúrúùpù ẹbí, ó ní kí gbogbo ilé wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọn ò pe òun síbi yìgì ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó rí àléébù nínú ìyẹn. Ṣé o mọ̀ wá: ẹni tí wọn ò bá pè síbi ìgbéyàwó ọmọ, ó lè fà á di ìjà tí àwọn ọmọ ọmọ á jogún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ta tapólì sí àgbàlá, àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní, àwọn ará Tamale lápá kan, àwa Anago lápá kejì, bí Bàbá Kékeré ṣe máa ń pè wá nígbà tó bá fẹ́ ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Èmi wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo bo orí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi ti gba fóònù mi láti ìdájí, ó ti kì í sínú àpò tó so mọ́ ìdí, ó ní ìyàwó kì í tẹ fóònù lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, pé fóònù ló ń jẹ́ kí ojú ìyàwó òde òní máa gbẹ. Fáànù ń pariwo, àwọn obìnrin ń sọ Yorùbá, Hausa àti Twi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí Bàbá Kékeré ń kígbe níta pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?" Ohun tó dáhùn, mi ò gbọ́ ọ dáadáa láti ibi tí mo wà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń da ẹ̀kúrọ́ sínú agolo.

Màmá mi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó padà wá sọ pé ohùn ń já. Mo ní kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìpè náà pa kámẹ́rà rẹ̀, kí ohùn nìkan máa lọ. Wọ́n pa á. Màmá mi tún jáde, ó tún wọlé, ó ní kò yàtọ̀. Mo ní kí Bàbá Kékeré kúrò lórí wáìfáì, kó lo dátà. Màmá mi lọ, ó bọ̀: ó ní ó ń dún bí ẹni tó ń yọ omi lẹ́nu. Mo ní kí Bàbá Kékeré gun orí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń lágbára níbẹ̀. Wá wo àgbàlagbà tó wọ agbádá funfun, tó dúró sórí àtẹ̀gùn, tó na fóònù sókè ọ̀run. Mo ní kí wọ́n jáde nínú ìpè náà, kí wọ́n tún wọlé. Wọ́n jáde, wọ́n wọlé, gbogbo ará Ìnísà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ará Accra lọ́tun. Màmá mi ń lọ, ó ń bọ̀, bàtà rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá wọlé ló ń mú àpèjúwe tuntun wá. Èmi jókòó síbẹ̀, mò ń fi oògùn ránṣẹ́ sí aláìsàn tí mi ò rí. Ẹsẹ̀ mi ò dúró. Obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀, ó tún ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú ìpè lásán tí kì í gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò wọlé rárá. Ẹnì kan ní kí bàbá gba ohùn sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́, ó ṣe tán, vóìsì nóòtù kì í já. Ààfáà ní rárá. Ó ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ò lè dáhùn ìbéèrè, òun sì ní ìbéèrè láti bi í. Ó tún ní wọ́n ń dúró de òun níbi yìgì mìíràn ní Nima, pé bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, kí á mú ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wa gan-an ni àbúrò bàbá ọkọ mi jókòó sí, mo sì gbọ́ ohun tó rọra sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ko uban bai yarda ba ne?" Pé àbí bàbá ọmọ ò fẹ́ ni. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Lójú tiẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ náà gún mi nítorí pé ohun tí èmi náà ń rò láti àárọ̀ nìyẹn. Mò ń rò ó pé bàbá mi jókòó síbẹ̀, kò fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ, pé gbogbo ariwo tó ń bọ̀ láti Ìnísà yẹn, àríyànjiyàn ni. Bí wọ́n bá sún un sí ọjọ́ mìíràn, mo mọ̀ pé èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Mo dìde. Màmá mi béèrè pé níbo ni mò ń lọ, pé ìyàwó kì í jáde sáàárín àwọn ọkùnrin kí wọ́n tó so yìgì rẹ̀.

"Màámi, iṣẹ́ mi nìyí," ni mo sọ fún un, mo sì bọ́ síta pẹ̀lú ìbòrí lórí àti làálì lọ́wọ́.

Ọkọ mi gbójú sókè, ó wò mí, ó tún gbójú sílẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ẹ̀rín ń pa á, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí mo kó sí kòtò. Mo kúnlẹ̀ kí Ààfáà, mo kúnlẹ̀ kí àwọn ará Tamale, mo tọrọ fóònù lọ́wọ́ Bàbá Kékeré tó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí òógùn ti bò ó. Mo gbé e sétí, mo fọwọ́ di etí kejì, mo sì dijú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀ tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ohùn bàbá mi wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ kan ń gun ìdajì òmíràn lórí, kò sí ọ̀kan tí mo lè dì mú. Mo fi ohùn náà sílẹ̀, mo wá ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dánu dúró láti mí, ewúrẹ́ kan sì ké níbi tó wà. Ó tún ké. Ó tún ké, ó tún ké, kíákíá, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹlẹ́yà. Igbe kan náà ni, ikọ́ kan náà ló sì wà ní ìparí rẹ̀. Mo dúró. Lẹ́yìn díẹ̀ ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, láìyẹ̀.

Kò sí ewúrẹ́ tó ń ké báyẹn. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni, fóònù mẹ́rin ló ń gbọ́ ọ. Mo wo àwọn tó wà lórí ìpè náà láti Ìnísà: bàbá mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. Kálukú ló ní ilé tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi rò pé kálukú wà ní ilé tirẹ̀. Àmọ́ ta ló máa jókòó sílé ara rẹ̀ lọ́jọ́ yìgì ọmọ ẹbí rẹ̀? Wọ́n ti kóra jọ sí pálọ̀ bàbá mi bí ó ṣe yẹ, kálukú sì wọlé sórí ìpè pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, torí gbogbo ẹbí ni wọ́n ní kó wọlé. Ohùn bàbá mi ń bọ́ sínú fóònù mẹ́rin, ó ń jáde lẹ́nu èyí, ó ń wọnú ìyẹn, fóònù kọ̀ọ̀kan sì ń gé e dànù nítorí ó rò pé ariwo ara òun ni. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà sílẹ̀, à bá ti rí wọn lórí àga kan náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á.

Ìdí àrùn ti hàn, àmọ́ oògùn rẹ̀ le ju àrùn lọ. Ṣé èmi, ọmọ àná, ni màá sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kó jáde kúrò níbi yìgì mi? Obìnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pín ẹran kó tó dé, ó lè má wọ ilé náà mọ́ fún ọdún kan. Bí inú bá bí i, gbogbo àdéhùn tí wọ́n ti ṣe láti oṣù mélòó kan wá lè bàjẹ́. Mo wo Bàbá Kékeré, ó ní kí n má wo òun. Mo padà lọ bá màmá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo na ọwọ́ fún fóònù mi, ó sì yọ ọ́ láti ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, lórí sìmẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò lè rí mi, mo sì gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, nítorí vóìsì nóòtù kì í kánjú, odindi ló máa ń dé.

"Màmá Ìnísà, ọmọ yín ló wà lórí ìkúnlẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn, ẹ pa wọ́n, ẹ pa tiyín náà mọ́ ọn, ẹ kó wọn sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ẹ sì jókòó lé e. Ti bàbá mi nìkan ni kó kù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi dì í mú sí i lẹ́nu. Láti ọwọ́ yín ni mo fẹ́ gba ohùn bàbá mi."

Lẹ́yìn náà ni mo dìde tí mò ń rìn síwá-sẹ́yìn níwájú àwọn àna mi bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ààfáà ń wo aago. Orúkọ kan pòórá lórí ojú fóònù Bàbá Kékeré. Òmíràn pòórá. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró pẹ́, mo rò pé ó ti bínú, mo tún ń ṣírò ọ̀rọ̀ tí mo sọ, bóyá ibì kan wà tí mo ti ṣi í sọ. Nígbà tó yá, òun náà pòórá. Ó ku ti bàbá mi nìkan. Ìpè náà pa rọ́rọ́. Ewúrẹ́ sì ké, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó húkọ́ díẹ̀ níparí.

"Ìyá mi," ni bàbá mi wí, "ṣé ẹ ń gbọ́ mi báyìí?"

Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ ó ti há. Mo gbé fóònù náà sórí ẹní níwájú Ààfáà, mo sì kúrò láàárín wọn, mo lọ dúró sẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, tó di ọwọ́ mi mú. Ààfáà kí i, ó bi í léèrè ẹni tó jẹ́, ó bi í léèrè ìlú tó ti ń sọ̀rọ̀, ó tún bi í léèrè ibi tí àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí Agbogbloshie, ìyẹn sì dáhùn pé lẹ́yìn òpó, nítorí pé Ààfáà fẹ́ràn láti máa tòògbé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Ààfáà béèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ péjọ.

"Èmi ni bàbá ọmọ," ni bàbá mi dáhùn. "Mo rán àbúrò mi tó jókòó níwájú yín, kó fi ọmọ mi fún ọkùnrin tó wá fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Inú mi dùn sí i."

Ààfáà yíjú sí àwọn ẹlẹ́rìí, ó ní ohùn rẹ̀ ni. Mi ò gbọ́ ìyókù. Wọ́n ní àdúà gùn, wọ́n ní Bàbá Kékeré fi mí fún ọkọ bí ẹni tó ń fún un ní ẹyin, wọ́n ní àbúrò bàbá ọkọ mi ló ṣe àmín tó ròkè jù. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara mi ti rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè, inú rẹ̀ dùn dénú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun lòun so yìgì náà, pé ọwọ́ òun ló gbé ohùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá béèrè ohun tó ṣe ohùn bàbá mi tó fi há bẹ́ẹ̀.

"Kò ní há kẹ̀?" ló wí. "Láti ìgbà tí ẹ ti kọ́kọ́ pè ló ti ń sọ ọ́. Èmi bàbá ọmọ, mo rán àbúrò mi, inú mi dùn sí i. Ó ń sọ ọ́ ṣáá. A ní kó sinmi, ó ní ọmọ òun ò tíì gbọ́."

Mo sunkún tó ba tíróò ojú mi jẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ayẹyẹ ti parí tí kò sí ẹni tó ń retí ẹkún ìyàwó mọ́. Gbogbo àkókò tí mo fi ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí mò ń rò pé ó ń kọ̀, ó ti ń gbà. Gbogbo bó ṣe ń gbà ni kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo pè é, mi ò dúró kó pè. Mo ní kó lọ jókòó síbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni. Mo wá bi í léèrè, tààrà, láìgba ọwọ́ àgbà kankan, ṣé lóòótọ́ ló ní òun ò fẹ́ àjèjì. Ó dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òun sọ fún ẹ̀gbọ́n òun ni pé ẹ̀rù ń ba òun, pé bí mo bá fẹ́ ará Tamale, mi ò ní padà wálé mọ́, pé bí òun bá kú, ta ló máa tètè dé. Àwọn àgbà ti gbà á láti ẹnu dé ẹnu, ẹni kọ̀ọ̀kan ti gé èyí tí kò fẹ́ kó dùn mí, ó ti fi ti ara rẹ̀ kún un, títí tí ìbẹ̀rù bàbá mi fi di ìkọ̀sílẹ̀ létí mi. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ iṣu ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ohùn tí kò tíì yá tán. Ó ní, "Èmi tó jẹ́ pé iṣu Tamale ni mo fi tọ́ ọ dàgbà?" Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn.

Mi ò bínú sí wọn. Ìfẹ́ ló kó gbogbo wọn sí pálọ̀ náà, ìfẹ́ ló sì gbé fóònù kálukú lé e lọ́wọ́. Bí wọn ò bá fẹ́ràn wa, ìpè náà ì bá dún geere láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ó yí mi padà. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́ báyìí tí oníbàárà ní ohùn ń já, kí n tó wo okùn, kí n tó wo àpótí, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ẹni mélòó ló wà nínú yàrá yẹn. Bí ẹnì kan bá sì wá sọ fún mi pé lágbájá ní báyìí nípa mi, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń lọ bá lágbájá náà. Ọkọ mi ní èyí nìkan ni sùúrù tí òun tíì rí lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ti pa ewúrẹ́ yẹn jẹ tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ojú fèrèsé bàbá mi báyìí, ó sì jogún ikọ́ ìyá rẹ̀. Bí mo bá pe bàbá mi ní Jímọ̀ọ̀, mi ò kì í tètè sọ̀rọ̀; mo máa ń dúró kí ewúrẹ́ náà ké. Bó bá ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo mọ̀ pé èmi àti bàbá mi nìkan la wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi á sì dúró jẹ́ẹ́.